Oorun Ọ̀sán Bàbá Mi

"Gbé bàtà yẹn wọlé!"

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni Màmá mi máa ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tirẹ̀ burú ju igbe ẹlòmíràn lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé ni, àpò ṣì wà lẹ́yìn mi, òógùn ṣì ń ṣàn lójú mi. Bàtà Bàbá, bàtà dúdú tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo fi ẹsẹ̀ tì í wọlé.

"Ọwọ́ ni kó o fi gbé e! Ṣé bàtà ẹlẹgbẹ́ rẹ ni, Ràyhánà?"

Mo fi ọwọ́ gbé e. Lójoojúmọ́ ayé, bàtà, bàtà, bàtà!

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Inú àgbàlá onílẹ̀kùn mẹ́jọ kan ní Adjamé, ní ilẹ̀ àwọn tó ń sọ faransé, là ń gbé. Ẹni tó bá wọlé láti ẹnu géètì, bàtà ló máa kọ́kọ́ rí, torí gbogbo wa la máa ń bọ́ bàtà síta. Ará Ṣakí bíi tiwa kì í pe èèyàn lórí fóònù kó tó wá kí i. Bó bá ti rí bàtà onílé, ó ti jókòó nìyẹn. Onílé gbọ́dọ̀ jáde, kó kí i, kó fún un lómi, kó sì jókòó tì í títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu rẹ̀. Bí àgbàlagbà bá wá kí ọ, tí o ò dìde, wọ́n á ròyìn rẹ dé Ṣakí.

Bàbá mi, Àrìmíyàù, kò sì lè dìde. Nígbà tí iná jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó wá rí iṣẹ́ sí Yopougon, ní zone industrielle, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe abọ́ ike àti kẹ́tù àlùwàlá. Iṣẹ́ òru ni. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jáde, ó di aago méje àárọ̀ kó tó wọlé. Á wọ bùbá àti fìlà bí ẹni tó ń lọ sí mọ́sálásí, aṣọ iṣẹ́ á wà nínú àpò láílọ́ọ̀nù. Ìdí ni pé láàárín àwọn èèyàn wa níbí, ọjà ni ọkùnrin ń tà. Ẹni tó ń gbowó oṣù lọ́wọ́ ọ̀gá, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tí ayé ti bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Bàbá ní ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ gbọ́.

Nítorí náà, ní ilé wa, a kì í sọ pé Bàbá ń sùn. Bí ará àgbàlá bá béèrè rẹ̀, Màmá á ní, "Wọ́n ń rẹjú ni." Rírẹjú ò lẹ́bi. Àgbà lè rẹjú lẹ́yìn ìrun Àìlà, ó tiẹ̀ ní láádá nínú ẹ̀sìn wa. Àmọ́ kí ẹni tó ń rẹjú pẹ́ títí, wákàtí kan ti tó o. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, Màmá á yí ọ̀rọ̀ padà: "Oorun ló gbé wọn lọ," àfi bí ẹni pé oorun wá ká Bàbá mọ́lé tó sì jí i gbé. Bó bá wá jẹ́ ará Ṣakí ló dé, "Wọn ò sí nílé." Ó parí. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bàbá mi kì í rẹjú, oorun ò sì gbé e lọ síbì kankan. Ńṣe ló ń sùn, tó ń hanrun, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di Àlàásárì. Ìrun Àìlà nìkan ló ń jí kí.

Ẹni tó ń gbé òdìkejì wa, Ange, onídìrí, kì í jẹ́ kó sùn ire. Láti àárọ̀ ni orin rẹ̀ á ti máa dún. Màmá á lọ bẹ̀ ẹ́, ẹ̀bẹ̀ á di ìjà.

"La nuit, c'est pour dormir, la vieille!" Ange á sọ bẹ́ẹ̀, á tún gbé orin sókè sí i. "Òru lèèyàn ń sùn! Fainéant!"

Ọ̀lẹ ló ń pe bàbá mi. Bí mo bá gbọ́ ọ, ojú á tì mí. Kí n sòótọ́, Bàbá ni mo máa ń bínú sí, mi ò bínú sí Ange.

Lọ́dún yẹn, mo wà ní troisième, kíláàsì kẹrin ní sẹ́kọ́ńdìrì, ìdánwò BEPC tí a máa ń ṣe níparí rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹgbẹ́ wa mẹ́rin ló jọ ń kàwé ní gbogbo ọ̀sán mercredi, Ọjọ́rú, torí kò sí ilé ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ilé oníkálukú là ń lọ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ti lọ sí Cocody, àdúgbò àwọn olówó, nílé Tasneem lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tasneem ni ọmọ Àlájì Ràímì, alága ẹgbẹ́ ọmọ Ṣakí. Bí wọ́n bá dárúkọ ilé tiwa, mo máa ń rí àwáwí wá. Lọ́jọ́ kan, Tasneem dójú tì mí nínú kíláàsì.

"Ràyhánà, c'est comment?" ó pariwo. "Ilé tiyín ló kàn! Àbí abẹ́ afárá lẹ̀ ń gbé?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Orí mi gbóná.

"Ẹ wá ní mercredi," mo dá a lóhùn. "Ẹ wá!"

Ní ìrọ̀lẹ́ mardi tó ṣáájú rẹ̀, bí Bàbá ṣe ń ka aṣọ iṣẹ́ sínú àpò, mo lọ bá a.

"Bàbá, àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ wá kàwé níbí lọ́la."

"Rárá."

"BEPC ni, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù."

"Mo ní rárá! Ọmọ mẹ́rin nínú yàrá méjì yìí, lójú ọ̀sán? Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ṣé torí oorun yín nìkan ni mi ò wá ní yege?"

Kí n tó pa ẹnu dé, ó ti fọ́ mi létí. Kò fọwọ́ kàn mí bẹ́ẹ̀ rí. Ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Ẹni tí kò sùn tẹ́rùn kì í ní sùúrù, àmọ́ èmi ò ro ìyẹn. Mo sọ nínú ara mi pé, "Ẹ máa wò mí."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo sọ fún Tasneem pé ilé wa ò ní ṣeé ṣe, ńṣe ló pàtẹ́wọ́.

"Mo mọ̀! Papa ní torí pé bàbá yín ń sùn látàárọ̀ dalẹ́ ni kì í fi wá sípàdé. Wọ́n tiẹ̀ ń bọ̀ wá bá a lónìí lẹ́yìn Àìlà. Wọ́n ní àwọn á jí i!"

Mo délé. Màmá ti lọ sọ́jà, níbi tó ti ń ta ìborùn. Ọ̀rọ̀ tó fi sílẹ̀ fún mi ni pé bí ẹnikẹ́ni bá dé, Bàbá ò sí. Bàbá ti kírun Àìlà, ó ti padà sùn, ó ń hanrun. Bàtà rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí Màmá gbé e sí.

Àwọn àgbà ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Mo rá wọ yàrá, mo fa bàtà náà yọ, mo gbé e síta. Mo to méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Eruku wà lórí rẹ̀, mo mú àkísà, mo nù ún dáadáa kó lè hàn. Ṣé wọ́n ní kí n sọ pé Bàbá ò sí? Màá sọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa lè mú mi.

Kò pẹ́ tí Àlájì Ràímì fi wọlé, tòun ti ọ̀pá rẹ̀.

"Àsàláámù àléékúmù! Àrìmíyàù ńkọ́?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà. Bàbá ò sí nílé, sà."

Ó wò mí. Ó wo bàtà. Ó fi ọ̀pá kàn án.

"Kò sí nílé, ẹsẹ̀ lásán ló wá gbé jáde? Áà! Ẹ ti kọ́ ọmọ nírọ́! Àrìmíyàù! Àrìmíyàù o! Jáde wá! Ọkùnrin kì í sá sábẹ́ aṣọ!"

Ange pa orin kó lè gbọ́ ìjà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orin yẹn máa dákẹ́ lójú ọ̀sán.

Bàbá jáde, aṣọ ìbora ló ró mọ́dìí, ojú rẹ̀ wú. Ó tẹríba.

"Ẹ má bínú, Àlájì. Ó rẹ̀ mí díẹ̀ ni."

"Kí ló rẹ̀ ọ́? Iṣẹ́ wo lo ṣe? Ìpàdé mẹ́ta lo ti pa jẹ! Ilé wo ni ọkùnrin ti ń sùn di aago méjì ọ̀sán? Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, Àrìmíyàù, kì í ṣe oorun! Ìyá ọmọ tuntun gan-an kì í sùn tó báyìí!"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá bọ́ lẹ́nu Bàbá, kí gbogbo rẹ̀ parí. Kò sọ ọ́. Ó gbé ìjókòó wá.

"Ẹ jókòó, sà. Ràyhánà, gbé omi wá."

Àlájì jókòó. Ó sọ̀rọ̀ ìpàdé, ó sọ̀rọ̀ Mẹ́kà, ó sọ̀rọ̀ ilé tó ń kọ́ sí Ṣakí, fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Àlàásárì tó, wọ́n jọ kírun, ó tún padà jókòó. Mo wo Bàbá. Orí rẹ̀ ń tẹ̀, á tún gbé e sókè, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo rí i tó ń fi èékánná fún ara rẹ̀ nítan kó má baà tòògbé. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Nígbà tó yá, kò dùn mọ́, àmọ́ mi ò mọ bí màá ṣe lé àlejò.

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Àlájì tó lọ. Bàbá bu omi sójú, ó gbé àpò láílọ́ọ̀nù rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló gbé bàtà mi síta?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá," ni mo sọ. "Bóyá Màmá ni."

Ó wo bàtà náà. Ó wo ojú mi, ó pẹ́ gan-an. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó lọ wọ ọkọ̀ gbaka.

Ilẹ̀ mọ́, aago méje kọjá, Bàbá ò dé. Aago mẹ́jọ kọjá. Màmá dúró lẹ́nu géètì, kò lè jókòó. Fóònù rẹ̀ dún, ó sáré gbé e fún mi, torí faransé ọjà nìkan ló gbọ́.

"C'est la famille de monsieur Arimiyaou? Il s'est endormi sur la machine. Sa main est prise." Ọ̀gá ilé iṣẹ́ Bàbá ni.

Màmá di apá mi mú. "Kí ni wọ́n wí? Ràyhánà, kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní... wọ́n ní oorun gbé Bàbá lọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ mú ọwọ́ wọn."

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo mọ̀ pé irọ́ tún ni. Oorun kọ́. Èmi ni.

A bá a ní ọsibítù, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Ìka méjì ti lọ. Ọwọ́ ọ̀tún o, ọwọ́ tó fi ń jẹun, ọwọ́ tó fi ń ka tẹ̀sùbáà. Kò sunkún. Ńṣe ló ń wo òkè àjà.

Àlájì Ràímì ti gbọ́, òun náà wọlé dé. Ìyá mi, Nimotou, ẹni tí kì í wo àgbàlagbà lójú, dìde sí i.

"Àlájì, ẹ káàbọ̀! Ẹ wá wo ọ̀lẹ yín! Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ ló ń wà lórí ìdúró nídìí ẹ̀rọ, ọdún kejì rèé! Ọ̀sán tẹ́ ẹ rí yẹn, òun ni òru rẹ̀. Ẹ wá jí i, ẹ tún bú u lójú ayálégbé!"

"Iṣẹ́ òru?" ni Àlájì béèrè. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Nimotou. Ọmọ ní kò sí nílé, mo sì rí bàtà."

Bí Màmá ṣe gbọ́ "bàtà", ó fi ọwọ́ lérí.

"Mo gbé bàtà yẹn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n tó lọ sọ́jà. Àbí mi ò gbé e? Àbí mo gbàgbé? Yéè, èmi ni! Èmi ni mo ṣe ọkọ mi báyìí!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Mo lè dákẹ́. Ẹnì kankan ò ní mọ̀ láé. Àmọ́ mi ò lè wo ẹkún yẹn.

"Màmá, ẹ ò gbàgbé. Èmi ni mo gbé e síta. Mo mọ̀ pé Àlájì ń bọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n jí Bàbá ni."

Màmá ò nà mí, ì bá sàn kó nà mí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ pátápátá.

"Wọ́n ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Ìwọ, bàbá rẹ ni o kò jẹ́ kó sùn. Kúrò níwájú mi."

Orí bẹ́ẹ̀dì ni a ti gbọ́ ohùn Bàbá.

"Mo ti mọ̀ látàná. Bàtà náà mọ́ jù. Ìyá rẹ kì í nu bàtà mi."

Mo wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá, ẹ dárí jì mí."

"Mi ò tíì dárí jì ọ́. Ọwọ́ ń ro mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. O jí oorun mi, ó dùn mí. Àmọ́ kó o wá ti ẹ̀bi sọ́rùn ìyá rẹ, ìyẹn ò jẹ́ kí n lè wò ọ́." Ó mí kanlẹ̀, ó wá yíjú sí Àlájì. "Èmi náà ò gbọ́n tó. Iṣẹ́ òòjọ́ mi ni mò ń fi pa mọ́ bí ẹni tó jí nǹkan. Ká ní mo ti sọ fún yín, ta ni ì bá wá jí mi?"

Ọ̀rọ̀ Màmá ṣẹ mọ́ mi lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, mi ò rí oorun sùn. Bí mo bá dijú, bàtà yẹn ni mò ń rí. Nígbà tí BEPC dé, ojú mi ń ṣú, orí mi ń fọ́, mo sì sùn lọ sórí ìwé ìdánwò ìṣirò. Mo sùn o, mi ò ní sọ pé oorun ló gbé mi. Mo fìdí rẹmi. Tasneem wà ní seconde, kíláàsì tó tẹ̀ lé e, báyìí, èmi ń tún troisième ṣe, àwọn ọmọ tí mo jù lọ sì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ gba Bàbá padà. Abọ́ ló ń kà báyìí, kì í sún mọ́ ẹ̀rọ mọ́, àmọ́ òru náà ni. Mo sọ fún Ange fúnra mi. Ó ní, "Fallait dire! Ẹ ì bá ti sọ!" Ó pa orin rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, lọ́jọ́ kẹta ó tún tàn án. A tún jà. Èmi ni mò ń bá a jà báyìí, Màmá ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún mi.

Ìta ni bàtà Bàbá ń wà báyìí. Ní mercredi tó kọjá, mo ń kàwé lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Àlájì Ràímì tún dé. Ó rí bàtà, ó la ẹnu. Mo sáré kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Bàbá mi ń sùn."

N ò sọ pé wọ́n ń rẹjú. N ò sọ pé wọn ò sí nílé. Àlájì fi ọ̀pá sábẹ́ apá.

"Ìgbà wo ni kí n padà wá?" ó sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Lẹ́yìn Àlàásárì, sà."

Ó yí padà, ó lọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi pa mọ́ fún yín. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru kò lè yọ oorun kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá sì jí oorun rẹ̀ gbé, ẹ̀mí rẹ̀ ló ń fọwọ́ kàn. Bí inú bá ń bí yín sí òbí yín, ẹ sọ ọ́ jáde, ẹ má fi ìkà gbẹ̀san, torí àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn rẹ̀. Iṣẹ́ tí ọwọ́ òbí yín mọ́ nínú rẹ̀, ẹ má tijú rẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Bàbá jí, ó jáde wá jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo gbọ́ ohùn ẹnì kan. Ta ló wá?"

"Àlájì ni."

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní ẹ̀ ń sùn."

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún yẹn, ọwọ́ oníka mẹ́ta, ti bàtà méjèèjì sọ́dọ̀ mi.

"Eruku ti pọ̀ lórí rẹ̀," ó ní. "Bá mi nù ún."

Mo wọlé lọ mú àkísà.